Òjé Etí Kọ́tìnnì Ló Dá Mi Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Dúpẹ́, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kí Dúpẹ́ tí yóò ka èyí sí yín létí, mo sì kí gbogbo ìjọ wa, torí mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè yé bi yín ní ọjọ́ tí mò ń bọ̀.

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìwọ̀nyí: ojú ọ̀tún yín tí nǹkan funfun ti bò, àtẹ̀gùn ilé yín ní Ìdó-Ọ̀ṣun, tí kò ní ohun tí ẹ lè dì mú, òrùlé ilé Bàbá ní Iwaraja, ìwé ìrìnnà mi, tí mò ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́ bí ẹni pé ọjọ́ inú rẹ̀ lè yí padà, àti orí igi gọ́ọ̀fù kan, irin tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n tètè wá. Ẹ ti ní dókítà kankan kò ní fọwọ́ kan ojú yín àfi bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe igi gọ́ọ̀fù níhìn-ín náà ní òun kò lè yọ̀ǹda mi láìparí irin ọ̀hún. Mo wá há sáàárín yín. Òtútù Skọ́tílàǹdì ń wọ orúnkún mi, kò sì sí ẹni tí mo lè ráhùn sí lédè wa.

Bàbá àgbà kan, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó fẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí bàbá rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n irin àtijọ́ kò gba àṣìṣe: bí àárín rẹ̀ gan-an kò bá ba bọ́ọ̀lù, odò tó la pápá náà kọjá ni bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí. Mo kọ́kọ́ ṣe irú ti òde òní fún un, tí a gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ jìn, tí ìwúwo rẹ̀ wà létí, kí ó má baà yí lọ́wọ́ bí ó bá ṣì í gbá. Ó yí i wò, ó ní òun kò sọ pé òun fẹ́ ọkọ́ tí òun yóò fi wa ọ̀dùnkún. Mo ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù bọ́ sódò. Ó ní ó lẹ́wà, bóyá kí òun gbé e kọ́ ògiri.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti rántí yín. Nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ yín n'Iléṣà, tí mò ń lọ sílé ẹ̀kọ́ girama, ẹ rán kọ́tìnnì fún ilé míṣọ̀n, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń gbé e kiri. Ẹ wá ra òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, ẹ rán an sínú etí ìsàlẹ̀, ní igun méjèèjì, ẹ kò fi ìkankan sí àárín. Mo bi yín ìdí rẹ̀. Ẹ ní tí igun méjèèjì bá ti dúró, kí ni àárín fẹ́ ṣe. Ẹ tún ní bí àlejò bá fojú rí òjé náà, a jẹ́ pé ẹ kò mọ aṣọ rán.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo gbẹ́ inú irin náà, mo fi ẹyọ irin kéékèèké tó wúwo ju òjé lọ sí ìsàlẹ̀, ní igun méjèèjì. Mo fi irin pẹlẹbẹ bo ẹ̀yìn rẹ̀, mo dán an títí ojú àpá fi pa rẹ́. Mo rẹ́ etí òkè rẹ̀ sẹ́yìn, kí ó lè tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ẹni tó bá bojú wolẹ̀ wò ó. Ẹ̀rù tún bà mí. Mò ń mì í létí bóyá nǹkan ti tú nínú rẹ̀, títí ọ̀gá mi fi ní bí mo bá tún mì í, òun á gbà á lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú afẹ́fẹ́ òkun, bàbá náà gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó wò ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ìpẹ̀kun irin ló fi gbá a. Mo dijú. Nígbà tí mo là á, bọ́ọ̀lù wà lórí koríko ní òdìkejì omi. Ọ̀gá mi fẹ́ sọ ohun tó wà nínú irin fún un, bàbá náà ní kó má sọ. Ohun tí òun kò bá rí, kò sí níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe ìyókù àwọn irin òun bákan náà.

Ara tù mí débi pé mo jókòó sórí koríko tútù. Ọ̀gá mi ti yọ̀ǹda mi, mo sì ti kọ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mejì, bí ọ̀kan bá sọnù. Kí Dúpẹ́ lọ gba ọjọ́ lọ́wọ́ dókítà ojú. Owó tí mo fi ránṣẹ́, ti ojú ni, ẹ má fi kan páànù Iwaraja. Ẹ sì rọra máa sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn.

Ọlọ́run yóò dá yín sí, ojú yín méjèèjì ni ẹ ó fi rí mi. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ kí ẹgbẹ́ akọrin, ẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi.

Èmi ni Jósíà, àbúrò tí ẹ tọ́ di ọmọ yín, tí yóò gbéra níhìn-ín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá.