Àfẹ́sọ́nà Mi Àti Àwọn Àgbọ̀nrín Inú Tẹlifíṣọ̀n

Mo ń kẹ́gàn ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ẹ̀yin òǹkàwé, eré àwòrán àwọn ọmọdé inú tẹlifíṣọ̀n ló sì dá a sílẹ̀. Ẹ má tíì fi mí rẹ́rìn-ín. Ọdún tó kọjá ni mo jáde yunifásítì, iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe ní Odeda, ilé ẹ̀kọ́ kan náà sì ni èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Òun ni games master, olùkọ́ eré ìdárayá.

Ní Sátidé kan, èmi àti òun jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé ilé bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, à ń wo katúùnù. Ọ̀dá dá nínú igbó, agbo àgbọ̀nrín kan ń wá koríko lọ, wọ́n dé etí odò tí ọ̀nì wà. Àgbà inú wọn ní kí wọ́n ti èyí tó ń tiro sódò, kí ọ̀nì rí nǹkan jẹ, kí àwọn yòókù ráyè sọdá. Wọ́n tì í... wọ́n sọdá, wọ́n ń jó, orin dídùn ń lọ, ohùn kan wá ní ìṣọ̀kan ni agbára. Ìṣọ̀kan wo? Ta ló bi èyí tó ń tiro léèrè? Kí ló dé tí àgbà yẹn, tó ti jẹ koríko títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun, kò bẹ́ sódò fúnra rẹ̀? Ọgbọ́n ojo ni, wọ́n kàn fi orin bò ó fún àwọn ọmọdé. Àfẹ́sọ́nà mi pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn, pé ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Mo ní ẹni tí wọ́n tì kọ́ ni ẹni tó jìn. Ó ní ìwé ti pọ̀ jù lórí mi.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán... àfi bó ṣe gbé ẹ̀kọ́ náà wá sí ilé ìwé. À ń múra inter-house sports. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Form Two tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ kan, wà lára àwọn tó ń ṣe march past fún ọ̀kan nínú àwọn ilé tó ń díje. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìrìn náà. Ọkọ mi lọ́la fà á jáde lórí ìlà níṣojú gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n rántí ìtàn àwọn àgbọ̀nrín tí òun ti sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá ọmọ náà lábẹ́ igi máńgòrò, mo rò pé yóò máa sunkún. Kò sunkún. Ó bi mí pé, "Àǹtí, tí mo bá jókòó, ṣé ilé wa máa gba ife?" Ó ti gbà fún wọn... ọmọdé yẹn ti gbà fún wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bi àfẹ́sọ́nà mi pé bí àwa náà bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Kò bínú. Ó rò ó dáadáa, bí ẹni tó ń yan ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ó ní, "A ó bí òmíràn."

Láti ìgbà náà, tìkà-tẹ̀gbin ni mo fi ń wò ó. Bó bá ń jẹun, inú ń bí mi. Bó bá rẹ́rìn-ín, ó burú sí i. Bẹ́ẹ̀, kì í mutí, kì í na obìnrin, ìyá mi ní kò sí irú rẹ̀ mọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, pé ọmọ tí òun rán lọ sí yunifásítì wá ń torí àgbọ̀nrín kọ ọkọ. Ṣé mo le jù ni? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo dì mọ́nú? Àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ mi ní Sátidé tó ń bọ̀, bàbá mi ti ra ohun mímu sílẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fẹ́ ẹ, kí n máa gbàdúrà pé gbogbo ọmọ tí mo bá bí fún un yóò lè sáré, àbí kí n ní kí bàbá mi dá wọn padà?