Ẹ̀rọ Tí A Rà Nítorí Èémí Màmá

                                        Agbo Ilé Aláró,
                                        Bẹ́yẹrúnkà,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì, ọdún 1991.

Morẹ́nikẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bọ̀dá Ezekiel ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ọyẹ́ ọdún yìí kò dà wọ́n láàmú jù? Tiwa níhìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Eyín iwájú Sìdí ọmọ mi ti ká, síbẹ̀ kò yé rẹ́rìn-ín. Má bínú pé lẹ́tà rẹ ti wà lọ́wọ́ mi láti oṣù tó kọjá. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yanjú lọ́dọ̀ tiwa ná, kí n má lọ ṣì ọ́ lọ́nà.

O ní ikọ́ fée Bọ̀dá Ezekiel tún ti gbéra, ẹ sì ń wá irú ẹ̀rọ tí ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́ tí ẹ lè rà. Ẹni tó yẹ kí o bi ni o bi yẹn. Irú ikọ́ náà ni ìyá ọkọ mi ń bá yí láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku títì wa dà pọ̀ mọ́ èéfín igi ìdáná, èémí wọn a máa dún fíin-fíin.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Àlájì Àkíbù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, sọ ọ́ gbangba pé bí àyà Màmá bá tún há lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn yóò gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ní Bódìjà. Morẹ́nikẹ́, àyà mi já. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Màmá ti wà nínú yàrá yẹn. Ojú fèrèsé ni gbogbo àdúgbò ti ń kí wọn láàárọ̀. Ta ni yóò kí wọn ní Bódìjà? Àwọn ni mo sì fi ṣe ìyá láti ìgbà tí ìyá tèmi ti kú. N kò fẹ́ kí wọ́n lọ.

Ni èmi àti Bàbá Sìdí bá lọ bá dókítà wọn. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í ṣe òògùn o, kí Màmá má torí rẹ̀ pa èyí tí wọ́n ń fín sẹ́nu tì, ṣùgbọ́n ó lè dín eruku kù bí a bá mọ èyí tí a ó rà. Nígbà tí a dé ìsọ̀ ní Dùgbẹ̀, kékeré kan tí ń tú òórùn dídùn jáde ló wọ̀ mí lójú. Ohun tí dókítà sì ti kìlọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn: òórùn kì í fọ afẹ́fẹ́, ó tún lè há ẹni tó níkọ́ fée láyà. Èyí tó ní asẹ́ nípọn nínú ni kí a mú, irú èyí tí a lè rí òmíràn fi pààrọ̀ rẹ̀, kí agbára rẹ̀ tó fífẹ̀ yàrá, kí ariwo rẹ̀ má sì lé oorun lọ. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, asẹ́ funfun náà yóò dúdú, a ó sì fojú rí ohun tí Màmá ìbá fà símú. Irú rẹ̀ ni a rà.

Ọjọ́ tí a gbé e délé, ó kù díẹ̀ kí a jó. Bàbá Sìdí ṣí i wò, ó bá asẹ́ náà nínú ọ̀rá. O ṣáà mọ ilé wa. O mọ̀ pé àga pálọ̀ wa kò tíì bọ́ ọ̀rá láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, tí itan àlejò ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́sàn-án. Màmá gbà pé ohun tuntun tí a bá tú sí ìhòòhò kì í pẹ́ gbó. Ni wọ́n bá pariwo mọ́ ọkọ mi pé, "Gàfárù, má yọ ọ̀rá yẹn o! Kí eruku má baà bà á jẹ́." Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé náà ní òótọ́ ni Màmá sọ. Wọ́n tún fi òwú funfun hun ìbòrí lé e lórí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí iná bá ti dé, ẹ̀rọ a máa kùn, gbogbo wa a máa mí kanlẹ̀, a ní atẹ́gùn ilé ti yàtọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àyà Màmá há. Kò ṣeé wò. Èyí tí wọ́n ń fín sẹ́nu ni Ọlọ́run fi kó wọn yọ. Àlájì gbọ́, wọ́n ránṣẹ́ pé kí n di ẹrù Màmá de Sátidé. Mo ń di ẹrù, mo ń sunkún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dókítà ti sọ sí mi lọ́kàn pé asẹ́ yóò dúdú. Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Asẹ́ funfun báláú nínú ọ̀rá rẹ̀, bí ọjọ́ tí a rà á! Ẹ̀rọ tí a rà pé kó máa kó eruku, àwa ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ eruku. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n máa sunkún mi lọ. Mo fa ọ̀rá náà yọ, mo tan ẹ̀rọ. Kí ó tó di Sátidé, asẹ́ ti ń pọ́n bí ilẹ̀ títì wa, èémí Màmá sì ti rọlẹ̀.

Nígbà tí Àlájì wọlé, ojú fèrèsé ni wọ́n ti bá ìyá wọn, tí wọ́n ń mu ẹ̀kọ. Dípò ẹrù, Màmá ti ká ọ̀rá yẹn dáadáa bí aṣọ Iléyá, wọ́n sì kó o lé ọmọ wọn lọ́wọ́.

"Àkíbù, èyí ni kí o gbé lọ sí Bódìjà. Òun ni kò jẹ́ kí n mí."

Àlájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ wá ni kí a gbé ààrò kúrò nítòsí fèrèsé Màmá, a sì ti gbé e.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ ra alásẹ́, ẹ fi olóòórùn sílẹ̀, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ yọ ọ̀rá rẹ̀. Bá mi kí Bọ̀dá Ezekiel, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Màmá kí ọ púpọ̀. Ní àárọ̀ yìí, wọ́n wo pálọ̀ títí, wọ́n wá ní kí n bọ́ ọ̀rá ara àwọn àga náà, kí àwọn náà lè mí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara kan àga ilé ọkọ rẹ̀ ní ọdún kọkànlá,

Ràbíátù.