Màmá Rosaline Ọ̀ṣínúgà, Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fo Orúkọ Ọmọ Ọlọ́mọ

Ìjẹ̀bú-Igbó ni a ti bí Olóògbé Rosaline Adùnọlá Ọ̀ṣínúgà ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1934. Bàbá wọn ni Pa Joseph Ọdúkọ̀yà, káfíńtà. Ìyá wọn ni Madam Lucy, tó ń hun aṣọ.

Wọ́n kàwé mẹ́fà nílé ìwé Àgùdà nílùú wọn, kí wọ́n tó wá sí Yábàá lọ́dún 1951 láti kọ́ ìwé títẹ̀. Ìka wọn yá tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ wọn fi ń sọ pé òjò ń rọ̀ lórí páánù.

Ní 1957, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Felix Ọ̀ṣínúgà, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì fi Ìpọ̀nrí ṣe ibùgbé. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Nínú ilé yẹn, ẹni tó bá pín ẹran ni yóò mú tirẹ̀ kẹ́yìn.

Ní 1976, Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn Àgùdà kan ní Yábàá. Ní 1988, ilé-ẹ̀kọ́ náà ń wá ẹnì kan sí ilé ìkàwé. Sìmíátù, ọmọ télọ̀ kan ní Múṣín, ló ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò. Ọ̀gá ọ́fíìsì ní kí Màmá fo orúkọ rẹ̀, kí wọ́n tẹ orúkọ ẹni kejì, tó jẹ́ ìbátan àgbà ìjọ kan.

Ó ní, “Ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà nìyí, Mísìsì. Kí ni ọmọ onímàle ń wá níbí?”

Màmá dáhùn pé, “Iṣẹ́ ló wá, ọ̀gá, kò wá gba ìrìbọmi. Ìwé ìkéde iṣẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ò béèrè ẹ̀sìn. Mi ò ní lè tẹ orúkọ ẹni kejì.”

Wọ́n gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ wọn, wọ́n sọ wọ́n sí yàrá ìkẹ́rùsí, níbi tí wọ́n ti ń to ṣọ́ọ̀kì àti ìgbálẹ̀. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ mú kí ó dùn wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Oṣooṣù ni wọ́n ń fi ọwọ́ kọ lẹ́tà nípa ọ̀rọ̀ Sìmíátù sí Fadá tó jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn lẹ́tà kẹwàá, Fadá, tí kò tíì fọwọ́ sí orúkọ ẹni kejì, sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn.

“Kí lẹ fẹ́ ká ṣe, Màmá?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, Fadá. Kí a fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ.”

Wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí orúkọ, Sìmíátù náà ló tún ṣíwájú. Ó wọṣẹ́, Màmá padà sí ọ́fíìsì wọn, nọ́ńbà sì di òfin ibẹ̀.

Òfin náà kàn wá nílé. Ní 1991, Ọláṣẹ́gun àkọ́bí, tó ti ń wáṣẹ́ láti ọdún méjì, ṣe ìdánwò níbẹ̀, ó ṣe ipò kẹta. Ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà. Àwọn ẹbí bẹ Màmá títí pé kí wọ́n bá a fi orúkọ rẹ̀ síwájú.

Màmá ní, “Ọmọ mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ṣíwájú rẹ̀ náà ní ìyá.”

Ọláṣẹ́gun bínú kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Jíbówú. Màmá ò bú u. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á gbé oúnjẹ lọ bá a, wọ́n á sì gbé abọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá bọ̀. Ní oṣù karùn-ún tó ti kó lọ, ó fọ abọ́ náà, ó gbé e wálé fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ náà ló kọ ìtàn yìí.

Màmá fẹ̀yìn tì ní 1994, wọ́n sì ń bá Ẹgbẹ́ Màríà bẹ àwọn aláìsàn wò. Àìsàn ráńpẹ́ ló mú wọn lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ọdún 1997.

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn wọn ni ọkọ wọn, Pa Felix. Àwọn ọmọ wọn ni Ọláṣẹ́gun, Bernadette àti ìkejì rẹ̀, Kẹ́hìndé. Wọ́n tún ní ọmọ-ọmọ méje. Lórí ibùsùn àìsàn ni wọ́n ti sọ fún wa pé kí a má ṣe gbàgbé láti kọ orúkọ Sìmíátù mọ́ àwọn ọmọ. A ti kọ ọ́ mọ́ wọn níhìn-ín: Sìmíátù.

Adùnọlá, ọmọ Ọdúkọ̀yà, ẹ sùn re. Kí Olúwa tí kì í ṣe ojúsàájú tẹ́wọ́ gbà yín.