Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Ìyá Abíọ́lá Ṣáájú Ìyá Yaqub

Agboolé wa, Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́rú.

Àǹtí Taslimah mi,

Ẹni tó ń kọ̀wé sí yín yìí kì í ṣe Haleem tí ẹ fi sílẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti fi láptọ́ọ̀pù yín àtijọ́ ránṣẹ́ sílé, tí mo sì ń lọ kọ́ ìwé títẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọláìtán ní Pópó Àgùdà, mo ti di ọba kọ̀mpútà láti ibí títí dé Ìkòyí yín lọ́hùn-ún. Àwọn mánéjà báǹkì ń tò lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀, wọ́n ní kí n wá fi bí wọ́n ṣe ń sọ lẹ́tà di ńlá han àwọn. Kí n tó gbé ìka sókè, ẹ̀rọ yìí ti mọ ohun tí mo fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe orí kunkun sí mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ló sì mú wa kọ lẹ́tà yìí.

Màámi ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n jókòó tì mí lórí àpótí, wọ́n ń sọ, èmi ń tẹ̀. Wọ́n ní ṣé àlàáfíà lẹ wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òtútù ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ní ọ́fíìsì yín ò tíì wọ̀ yín léegun. Wọ́n ní Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ yín, á máa ṣọ́ àbọ̀ yín, ẹni tó bá fẹ́ gba àga nídìí yín, àga náà ni yóò gbé e ṣubú. Wọ́n ní kí n tẹ Àmín. Mo tẹ̀ ẹ́, mo wá fi hàn wọ́n pé tí mo bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo lè lẹ̀ ẹ́ lọ́nà ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó mí ẹ̀ẹ̀kan. Màámi ronú sí i. Wọ́n ní ṣé Ọlọ́run á kà á sí ọgọ́rùn-ún ni, àbí ẹyọ kan tí ọ̀lẹ ń tún gbé wá. Èmi náà ò mọ̀, mo bá fi mẹ́ta sílẹ̀. Àmín, Àmín, Àmín.

Ará ilé wà dáadáa. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti jáwọ́ nínú jíjò, torí òjò ti dá. Bọ̀dá Kọ́lá ti rí iṣẹ́ ní Obalende, àwọn ni wọ́n máa mú lẹ́tà yìí wá fún yín. Màámi ò fẹ́ ká fi fóònù sọ ọ́, wọ́n ní ohun tí ìwé bá bà jẹ́, ìwé náà ni kó lọ tún un ṣe.

Màámi àti láptọ́ọ̀pù yín ti di ojúlùmọ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń ṣẹ́jú níbi tí ọ̀rọ̀ bá dúró sí. Màámi ní àlejò ni, pé kò dáa kéèyàn fi àlejò sórí ìdúró, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dákẹ́ pẹ́ tí wọ́n bá ń sọ ohun tí màá tẹ̀. Èyí tó ń dùn wọ́n ni ìlà pupa. Ẹ̀rọ yìí ò gbọ́ Yorùbá, gbogbo ọ̀rọ̀ wa ló ń fa ìlà pupa sí nídìí. Ó fa ti Haleem, ó fa ti Taslimah, ó fa ti Ìsàlẹ̀ Èkó pàápàá. Màámi ní ẹ̀ṣẹ̀ wo ni odindi agboolé wa ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n bi mí pé ṣé ó fa ti Ìkòyí náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn wọn wá balẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ rèé. Ní wòlímà àwọn ọmọ ilé kéú wa, ọjọ́ Àìkú mẹ́ta sẹ́yìn, àáfà ní ká kọ orúkọ àwọn ìyàwó ilé wá, kí òun lè máa pè wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ṣàdúrà fún àwọn ọmọ. Mẹ́tàlá ni wọ́n. Màámi kà wọ́n fún mi bí wọ́n ṣe wọlé ọkọ tẹ̀léra: Ìyá Yaqub tó jẹ́ ìyáálé ló ṣáájú, Ìyá Abíọ́lá tó wọlé lẹ́yìn ààwẹ̀ èṣí ló gbẹ̀yìn. Nígbà tí ìwé máa jáde, ẹ̀rọ ti fi a, b, d tò wọ́n. Èmi kọ́ ni mo ní kó tò ó, ó kàn dìde tò ó fúnra rẹ̀ ni.

Bí àáfà ṣe gbé gbohùngbohùn, Ìyá Abíọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìyàwó náà dìde, ojú tì í, ó tún jókòó, àáfà tún pè é. Wọ́n ń pè lọ, wọ́n pe Màámi, Ìyá Taslimah, bí ẹni pé Màámi ló fi ara wọn ṣáájú. Kí wọ́n tó dé orí Ìyá Yaqub, tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́tàlélógójì nínú ilé yìí, tó jẹ́ pé àwọn ló bu omi sẹ́sẹ̀ gbogbo àwọn yòókù lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn wọlé, Ìyá Yaqub ti mú bàtà wọn, wọ́n ti gòkè lọ.

Láti ọjọ́ náà, abọ́ tí Màámi bá gbé lọ fún wọn, bó ṣe lọ ló ń padà bọ̀, ọmọrí rẹ̀ ò ṣí. Ìyá Abíọ́lá ti lọ kúnlẹ̀ nígbà méje, Ìyá Yaqub ní kó dìde jàre, aṣáájú kì í kúnlẹ̀ fún ará ẹ̀yìn. Wọ́n ti ń di ẹrù báyìí. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn á padà sílé bàbá àwọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti mọ ìgbà tí wọ́n bí àwọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ wòlímà yẹn, mo sọ fún Màámi pé bọ́tìnnì kan wà tó jẹ́ pé téèyàn bá ṣe ohun tí kò yẹ, tó bá ti tẹ̀ ẹ́, ohun gbogbo á padà sí bó ṣe wà. Màámi ní kí n yára tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, orúkọ Ìyá Yaqub sì gun òkè padà lójú ẹ̀rọ. Màámi jáde sí àgbàlá, wọ́n gbójú sókè sí àtẹ̀gùn bóyá Ìyá Yaqub á yọjú. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Màámi ní ẹ̀rọ náà ò ní ẹ̀kọ́ ilé ni, pé ó dà bíi pé kò bá ìyáálé gbé rí. Wọ́n ní kí ẹ wádìí ní ọ́fíìsì yín bóyá èyí tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní kí ẹ wá ní Sátidé, ẹ dákun, torí ẹ̀yìn Ìyá Yaqub lẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn, wọn ò lè kọ̀yìn sí yín. Wọ́n tún ní kí ẹ mú owó díẹ̀ dání fún ìwé àti yíǹkì, ká lè tẹ ìwé orúkọ mìíràn, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà, kí ti Ìyá Yaqub wà lókè pátápátá, kó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ yín ò ní di ti ẹlòmíràn, ilé tí ẹ bá wọ̀, wọn á mọ̀ pé ẹ wọlé.

Mo ti ka gbogbo èyí sétígbọ̀ọ́ Màámi, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n ti lọ kírun Àsárì. Èyí tó kù yìí, wọn ò gbọ́ ọ.

Àǹtí mi, mánéjà báǹkì kankan ò tò lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọkùnrin kan ló yà síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló ń béèrè. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Àmọ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú wòlímà ni Ọ̀gá Ọláìtán kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi a, b, d to orúkọ. Ó dùn mọ́ mi, mo fẹ́ kí gbogbo ilé rí i pé mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dàrú, mo ní ẹ̀rọ ni. Màámi gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ta ló máa gbà pé irin ló dá a ṣe, ọmọ àwọn ni wọ́n máa mú. Ni wọ́n bá gòkè lọ, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sọ fún Ìyá Yaqub pé àwọn làwọn ka orúkọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ìdí nìyẹn tí abọ́ fi ń padà.

Tí ẹ bá dé ní Sátidé, ẹ dúró dè mí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹ má bá Màámi bẹ̀bẹ̀, Màámi ò ṣe nǹkan kan. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú ká jọ gòkè, kí n má baà sá. Mo fẹ́ sọ ọ́ níwájú Ìyá Yaqub pé ẹ̀rọ yìí ò ṣe orí kunkun sí mi rí. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe.

Èmi ni àbúrò yín,
Haleem.