Kí Kẹ́hìndé Má Wá Gba Ipò Mi

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Bàbá wa, ẹ kú oko, ẹ kú ìrìn ọ̀nà Ìgàngán. Orúnkún mi wà nílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìdòwú, mo kí ọ, mo mọ̀ pé ìwọ ni wàá kà á fún wọn, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan. Gbogbo agbo ilé wa ní Pàkò, ẹ̀yin ìyá tí ẹ jọ ń yan gàrí pẹ̀lú Màámi, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́hìndé, mo kí ìwọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tìẹ ń bọ̀ níwájú.

Ẹ ó máa ṣe kàyéfì pé mo jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta nínú ìwé ìròyìn kí gbogbo Ìbàràpá rí i kà, nígbà tí mo lè pè yín. Màámi, ẹ̀yin náà mọ bí ẹ ṣe ń gbé fóònù. Bí mo bá ti pè, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn mi máa jáde fún gbogbo ilé, ẹni kan á máa ṣàdúrà, ẹni kan á ní kí n má gbàgbé òun, àwọn ọmọdé á máa pariwo orúkọ mi. Ta ló lè sọ ohun tó ń dùn ún nínú irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀? Èmi á ní dáadáa ni mo wà, ẹ̀yin á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní báyìí mo gbọ́ pé ejẹ́ńtì tó mú mi wá ti tún wá jókòó nínú pálọ̀ wa, pé pásípọ́ọ̀tù Kẹ́hìndé ti jáde, pé ó kù díẹ̀ kó gbéra wá bá mi níbí, ní Oman. Mi ò fẹ́ kó wá. Mo ti sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀, ó ní ṣe ni mo fẹ́ dá oyin lá. Ìdí rèé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí gbangba.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kí n tọ́jú Màmá, ìyá tó bí Madam tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Arúgbó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ọpọlọ rẹ̀ náà sì ti ń ṣe ségesège. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń bọ́ ọ, mo ń fún un lóògùn. Lárúbáwá tí a kọ́ nílé kéwú kò ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí Áfà kò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń béèrè iyọ̀. Ohun tó pa èmi àti Màmá pọ̀ ni fíìmù Íńdíà. Láti àárọ̀ tí mo bá ti gbé e jókòó ni a ó ti tan tẹlifíṣọ̀n. Òun kò gbọ́ Híńdì, èmi náà kò gbọ́ ọ nígbà tí mo dé, síbẹ̀ a jọ ń sunkún síbi kan náà.

Ooru ìta níbí kì í ṣe irú tiwa. Ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n fi ń gbé ayé, wọn kì í sì í ṣí fèrèsé. Madam ló ni kọ́kọ́rọ́ géètì, òun náà ló tọ́jú pásípọ́ọ̀tù mi. Tí wọ́n bá jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, ìta ni wọ́n ti ń tì wá mọ́lé, èmi àti Màmá àti Súnítà, obìnrin ará Íńdíà tó ń se oúnjẹ. Ìgbà tí mo bá lọ da ìdọ̀tí nù sínú gorodóòmù tó wà lẹ́bàá ọ̀nà nìkan ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ erùpẹ̀, Madam á sì dúró lẹ́nu géètì, á máa wò mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, òjò kò tíì pa mí. Inú fíìmù nìkan ni mo ti ń rí i, tí ọmọge á máa jó nínú rẹ̀ tí aṣọ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí Màmá á sì na ọwọ́ pé kí n fi kún ohùn tẹlifíṣọ̀n. Èmi á fi kún un, èmi á di ojú mi, màá ṣe bí ẹni pé orí páànù ilé wa ló ń rọ̀ sí.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èrò mi lórí fíìmù Íńdíà, mo ti di ọ̀gá nídìí rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Nínú wọn, ìyá ni gbogbo nǹkan. Ìyá á sunkún, á fọjú, á gbàdúrà, ọmọ tó sọnù á gbọ́ orin tí ìyá ń kọ, á sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilé òun. Àwọn tó ń jáde lóde òní ń bí mi nínú. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan á gbé ìbọn, á pa gbogbo ìlú, ẹ̀jẹ̀ á máa fọ́n sí ojú ẹni tó ń wò ó. Wọ́n á mú obìnrin arẹwà wọlé fún orin kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà a kò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo bi Súnítà léèrè ibi tí wọ́n kó àwọn ìyá lọ, ó ní òun náà kò mọ̀. Ohun tí kò tíì yí padà ni pé ọlọ́pàá kì í dé àfi tí ìjà bá parí, ìyẹn sì ń rán mi létí ilé.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ mọ́ àwọn tuntun náà. A wo ọ̀kan láìpẹ́ yìí, nípa obìnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní abúlé. Kò sí ìjà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó má ṣiṣẹ́ mọ́, àna rẹ̀ gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìparí, ó kàn dìde, ó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ó wọkọ̀, ó lọ. Kò sí ẹni tó dá a dúró. Ẹkún tí mo sun níbẹ̀ kọjá ti ibi tí wọ́n ti ń sin òkú, torí ó yà mí lẹ́nu pé èèyàn lè kàn dìde kó lọ.

Ẹ ó rántí ṣọ́ọ̀bù Bùọ̀dá Ráṣíìdì tó ń gẹrun, níbi tí èmi àti Kẹ́hìndé máa ń sá lọ tí a bá ti ilé ìwé dé. Fíìmù Íńdíà ló fi ń fa oníbàárà, òun náà ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní òun gbọ́ èdè náà dáadáa. Fíìmù kan wà tó dá awuyewuye sílẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Wọ́n bí ìbejì ọkùnrin sílé ọlọ́rọ̀ kan lọ́jọ́ tí odò kún. Agbẹ̀bí so òwú pupa mọ́ ọwọ́ èyí tó kọ́kọ́ jáde. Omi gbé ọmọ olówùú lọ, ẹnì kan tó ń mọ ìkòkò rí i, ó sì tọ́ ọ. Èkejì dàgbà sínú ọlá, ó sì ń lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Nígbà tí olówùú padà wá gba ilé, Bùọ̀dá Ráṣíìdì túmọ̀ fún wa pé àbúrò ló fẹ́ fi ipá gba ogún ẹ̀gbọ́n. Ta ni kò ní gbà á gbọ́ ní Ìgbó-Ọrà? Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni Táíwò, Táíwò sì ni àbúrò. Bí gbogbo wa ṣe gbè sẹ́yìn ìkà nìyẹn. Nígbà tí ọlọ́pàá mú un lọ, bàbá kan tó wá gẹ irùngbọ̀n dìde fùú, ó ní ibi tí àbúrò ti ń fi ẹ̀gbọ́n sẹ́wọ̀n, òun kò ní jókòó síbẹ̀. Wọn ò tíì gẹ apá kejì irùngbọ̀n rẹ̀ tó fi jáde.

Fíìmù yẹn tún bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n níbí. Màmá ń bú ọmọ ilé ọlá, èmi ń gbèjà rẹ̀. Súnítà, tó ti ń kọ́ mi ní Híńdì díẹ̀díẹ̀, bi mí pé kí ló dé tí mo ń ti ìkà lẹ́yìn. Mo ní ẹ̀gbọ́n ni. Ó ní rárá, olówùú ni ẹ̀gbọ́n, òun ló kọ́kọ́ dáyé, òun ni òwú náà ń tọ́ka sí. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tó kẹ́yìn dé ló gba ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán èkejì ṣíwájú kó lọ tọ́ ayé wò. Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé èmi náà jẹ́ ìbejì, ó sì sọ ọ́ fún Madam.

Nílé, bí ìbejì bá ń kọjá lọ, kò sẹ́ni tó ń yíjú wò wọ́n, nítorí kò sí agbo ilé tí wọn kò sí. Níbí, Madam ní kí n mú fọ́tò wá. Ó wo Kẹ́hìndé, ó wò mí, ó tún wo Kẹ́hìndé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló pè mí jókòó, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní Màmá kì í jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ àfi èmi, ìdí nìyẹn tí òun kò fi lè yọ̀ǹda mi bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Kẹ́hìndé bá dé, òun á kó pásípọ́ọ̀tù mi fún mi, kí n máa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. "Ojú kan náà ni," ó wí. "Màmá ò ní mọ̀." Òun ló pe ilé iṣẹ́ tó bá a gbà mí níbí, àwọn ló pe ejẹ́ńtì. Màámi, kì í ṣe oríire ló wá kan ilẹ̀kùn yín.

Mo fẹ́ wálé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mi ò fẹ́. Ó wù mí débi pé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, mo ti ń ro bí mo ṣe máa kọ́ Kẹ́hìndé ní ọ̀nà tí Màmá ń gbà gbé oúnjẹ mì. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Nínú fíìmù, tí ìbejì bá pààrọ̀ ara wọn, èyí tó gbójú ló máa ń wọ ilé búburú, á tún ilé náà tò, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Kẹ́hìndé gbójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé yìí kì í ṣe fíìmù. Lọ́jọ́ kan tí àlejò wà, mo rẹ́rìn-ín sókè níbi tí a ti ń wo fíìmù, Madam wọlé ó sì gbá mi létí. Mo dákẹ́. Kẹ́hìndé kò ní dákẹ́, ẹ̀yin lẹ bí i. Á dá ìgbátí náà padà pẹ̀lú èlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, níbí, ẹ̀wọ̀n ni ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń parí sí.

Wọ́n tún máa ń sọ nínú fíìmù pé bí wọ́n bá lu ìbejì kan, èkejì á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú níbi tó bá wà. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n gbá mi létí gan-an ni Kẹ́hìndé fi ohùn ránṣẹ́ láti ibi ìkómọ ní Èrúwà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe dùn tó. Mi ò bínú sí i. Kò sí nǹkan tó lè sọ fún un, àfi kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Nítorí náà, Bàbá wa, ẹ gba pásípọ́ọ̀tù yẹn lọ́wọ́ ejẹ́ńtì kí ẹ fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí yín. Ẹ̀yin òbí ní Ayétẹ̀ àti Èrúwà tí ó bá tún wá bá, ẹ bi í ta ni yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ géètì. Ní tèmi, Madam ní tí Kẹ́hìndé kò bá wá, kí n má tún dárúkọ ilé lẹ́nu mọ́ títí àdéhùn mi yóò fi pé. Mo gbọ́. Mo ti sọ fún un pé kò ní í wá.

Màámi, ẹ má sunkún jù, ẹ̀jẹ̀ ríru yín kò fẹ́ ẹ. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹ èrè wa pẹ́. Oko Bàbá kò ní mọ àdánù. Ìdòwú, wàá ṣe àṣeyọrí nínú ìdánwò rẹ. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Ráṣíìdì, ẹ má sọ fún un pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò tọ́. Ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí kò béèrè.

Kẹ́hìndé, gbogbo èèyàn níbí ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, pé kí n pàṣẹ fún ọ. Mi ò lè pàṣẹ fún ọ. Ìwọ lo rán mi, iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́, àbọ̀ rẹ̀ sì ni mo ń jẹ́ yìí níwájú gbogbo ìlú: mo ti tọ́ ọ wò, kò dùn. Jókòó ti ìyá wa.

Èmi ni ọmọ yín tó kọ́kọ́ jáde,
Táíwò.