Ojú Òsì Ìyanuolúwa: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Keziah Fọláfúnmi Àjíṣafẹ́ (1958–2025)

Ìlú Inísà ni a ti bí Màmá wa ní oṣù Kẹta ọdún 1958. Bàbá wọn, Olóògbé Josiah Ayọ̀dèjì, jẹ́ àgbẹ̀ àti díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìyá wọn jẹ́ ọmọ Igbaye. Màmá ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Inísà, wọ́n sì ka girama ní Òkukù. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé sọ pé ìbéèrè Màmá kì í jẹ́ kí tíṣà jáde ní kíláàsì bọ̀rọ̀.

Ní 1984, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan Àjíṣafẹ́, tíṣà ará Ìkìrun. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún wọn. Èyí àbúrò, Àánúolúwa, wọ ọsibítù lọ́mọ oṣù méjì, kò sì bọ̀ wálé mọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ọsibítù ti ń ba Bàbá.

Màmá gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ nípa ọpọlọ ní 1997. Háà, iṣẹ́ Màmá! Orí ìdúró ni wọ́n ti máa ń ṣàlàyé rẹ̀, oúnjẹ a sì tutù. Wọ́n ní àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ síra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀kùn tó fi ń gba iṣẹ́ tí a rán sí i. Inú jíìnì, ìyẹn àbùdá tí a jogún lára òbí, ni ìlànà ṣíṣe ilẹ̀kùn náà wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọpọlọ ṣì ń dàgbà, iṣẹ́ tó ń wọlé gan-an ló ń sọ fún jíìnì irú ilẹ̀kùn tí yóò ṣe. Ilé tí àlejò kì í yà, ta ni yóò la ilẹ̀kùn kún ilẹ̀kùn níbẹ̀? Wọ́n fi oògùn pa sẹ́ẹ̀lì ọmọ eku lẹ́nu mọ́ nínú láábù, ilẹ̀kùn wọn sì yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀. NEPA mú iná lọ, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́; Màmá tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, wọ́n jó ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó pe ìdúpẹ́.

Ní 2014, Motọ́láyọ̀, ọmọ wọn, bí Ìyanuolúwa. Ọjọ́ ìkómọ ni Màmá rí funfun nínú ẹyinjú òsì ọmọ náà. Dókítà ní Ìbàdàn ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kí ó tó pé oṣù méjì. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ kọ́kọ́ rìn. Màmá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ wọn.

"Dádì, ọjọ́ kẹjọ lẹ ní ká dá abẹ́ fún un, ẹ ò ní kó kọ́kọ́ dàgbà. Ọpọlọ ọmọ ò ní dúró dè wá. Tí ìmọ́lẹ̀ ò bá wọ ojú yẹn báyìí, ọpọlọ á gbàgbé ẹ̀."

Bàbá sunkún. Àwọn fúnra wọn ló gbé ọmọ náà dé Ìbàdàn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, dókítà ní kí wọ́n máa fi pílásítà bo ojú ọ̀tún, kí òsì lè ṣiṣẹ́. Gbogbo Ìkìrun ló ń bá Màmá tún un ṣe! Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní ojú tó dáa ni wọ́n lẹ̀ pa. Màmá bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí sẹ́ẹ̀lì, èrò ẹ̀yìn ọ̀kadà sì sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ.

Màmá kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìkìrun àti Eko Ende lọ́fẹ̀ẹ́ títí Olúwa fi pè wọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Wọ́n fi Bàbá sáyé, àti Motọ́láyọ̀, Ìyanuolúwa àti Peace àbúrò rẹ̀.

Ìyanuolúwa ló ń ka ìtàn yìí sí yín létí, ẹ̀yin èèyàn wa. Òun ló bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí òun fi ojú òsì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ sùn ire, Màmá. Ó ti kà á tán.