Ẹní Tí Mo Ká Nílẹ̀ Iyàrá Yín

Bàbá mi àtàtà, ọkọ Àlímọ́tù màámi,

Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo wá jẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní gbogbo Ifangni, torí àánú mi ni yóò máa ṣe wọ́n, àánú kọ́ ni mò ń wá.

Ṣé ẹ rántí mànyẹ́tò ńlá, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba ohùn àwọn àfáà sílẹ̀ láti Daagbé dé Tchaada? Ẹ ti tú u palẹ̀ kí àìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀. Gbogbo irin inú rẹ̀ wà lórí ẹní nínú iyàrá yín, lẹ́sẹẹsẹ bí ẹ ṣe yọ wọ́n, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ara ògiri. Ẹ kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹní yẹn ni ìwé yín. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ lápá ibẹ̀. Adìẹ tó bá yà síbẹ̀ pàápàá, ẹ ó ju bàtà lù ú.

Bọ̀n, nígbà tí a ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, àwọn àfáà pọ̀ ju ẹní ilé lọ. Èmi ọmọ yín ni mo di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹní náà mú, mo da gbogbo irin gbàrà sínú ike ìfọṣọ, mo lọ tẹ́ ẹ fún àlejò. Mo rò pé iyì yín ni mò ń wá. Àfọwọ́fà ni, Bàbá.

Etí òsì Màámi ti di pátápátá. Dókítà kan ní Àjàṣẹ́ ní ọ̀tún náà ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Láti ìgbà yẹn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀ mí fún, kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn yín kí etí tó kú tán. Nínú àwọn báńdì tí ẹ gba ohùn sí, ọ̀kan ló kù tí eku ò jẹ, èyí tí ẹ fi dán ẹ̀rọ wò, tí ẹ ń bá Màámi tàkúrọ̀sọ, tí ẹ ń fi ọbẹ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ike yẹn. Ta ni yóò sọ fún mi ohun tí rọ́bà róbótó kan ń ṣe? Wáyà tó tín-ín-rín bí irun ojú ńkọ́? Mo gbé wọn tọ àgbà kan tó ń tún rédíò ṣe ní Igolo. Ó dá púpọ̀ nínú wọn mọ̀, ó tò wọ́n padà, ẹ̀rọ sì yí. Ó wá ku irin kékeré méjì tí wọ́n jọra bí ìbejì. Ó ní ọ̀kan ló ń ka ohùn jáde, èkejì ló ń pa ohùn rẹ́. Èwo ni èwo, òun ò mọ̀, òun ò tú irú ẹ̀rọ yìí rí. Ká ní wọ́n ṣì wà níbi tí ẹ tò wọ́n sí, àyè kálukú ì bá ti sọ fún mi.

Mo bẹ Màámi kí wọ́n ní sùúrù kí n wá ẹlòmíràn béèrè. Wọn ò gbọ́. Bóyá lóòótọ́ ni wọn ò gbọ́. Lánàá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo mú ọ̀kan nínú irin méjèèjì, mo ṣe bísímílà, mo dè é mọ́ ẹ̀rọ, mo gbé báńdì sí i. Màámi fi etí ọ̀tún lé ara àpótí ẹ̀rọ náà. Ariwo ṣííí nìkan ló ń jáde. Mo ní bóyá ohùn yín wà níwájú, mo jẹ́ kó máa yí títí báńdì fi tán.

Nígbà tó yá, mo tú irin náà kí n fi abẹ́rẹ́ họ ìdọ̀tí ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Mo sáré pe àgbà Igolo lórí fóònù. Ó ní èyí tó bá ń fa irin ni èyí tó ń pa ohùn rẹ́.

Mo ti pa yín rẹ́, Bàbá mi, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣé ẹ máa dárí jì mí?

Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín ni pé, bí báńdì ṣe tán, kí n tó tú irin yẹn rárá, Màámi gbé etí kúrò lára àpótí. Omi wà lójú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Ohùn bàbá ẹ ò yí padà rárá,” ni wọ́n wí.

Mi ò lẹ́nu láti sọ fún wọn pé kò sí ohùn kankan. Wọ́n ní kí n tún gbé báńdì náà sí i lónìí. Wọ́n ti jókòó ti àpótí náà báyìí, wọ́n ń pè mí. Ṣé kí n tan ẹ̀rọ, Bàbá?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́.